Ẹnu Ọ̀nà Tí Kò Gba Fìlà Alága

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ògiri iwájú ilé Alhaja Hajarat, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, wó lulẹ̀. Olóyè Ọlọ́runṣògo Jayéọlá, Alága Ìgbìmọ̀ Ìrìn-Àjò Afẹ́, wà nínú ilé náà nígbà tó wó. Kò sí ẹni tó kú. Kò sí ẹni tó fara pa. Fìlà kan ló tẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa rí àlejò tó ń wá wo ìlú, tí yóò sùn, tí yóò jẹun, tí yóò ra nǹkan kó tó máa lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n wá ẹni tí yóò ṣe alága rẹ̀ títí, wọ́n sì rí Olóyè Jayéọlá, ẹni tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gba àdúgbò kankan kọjá láti bí ogún ọdún.

Bí Alága bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá a tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Nùrẹ́nì, akọ̀wé rẹ̀, a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ènìyàn mẹ́rìnlá lè gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Nùrẹ́nì gbà pé oyè tí wọn ò fi ẹ̀rọ kì, ààbọ̀ oyè ni.

"Ògo Ìrìn-Àjò ti dé! Atọ́nà-fún-gbogbo-àgbáyé! Ẹni tí òkè rí, tí òkè yà fún!"

Alága a gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó, Nùrẹ́nì. Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fẹ́."

"Onírẹ̀lẹ̀ Àgbà!" ni Nùrẹ́nì yóò tún ké. Alága a sì dúró gbọ́ ìyẹn tán kó tó wọlé.

Ẹ má rò pé mo fi iyọ̀ sí i. Orúkọ tí Nùrẹ́nì ń kì í jẹ́ mọ́kànlélógún ní oṣù Kẹta. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti di mẹ́rìndínlógójì. Láàárín àkókò kan náà, àlejò kan ṣoṣo ló ti òkè òkun wá sí Ọ̀yọ́. Ìlọrin ni ọkùnrin náà ń lọ. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló bẹ́.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí Moyinolúwa wọ ọ́fíìsì náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ayàwòrán ilé sì ni. Kò mú ìwé dídán kankan lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀kì ló mú wá. Ó tọrọ àyè, ó kúnlẹ̀, ó sì ya ohun tó ní lọ́kàn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì Alága.

"Sà, ẹ jẹ́ ká má kọ́ nǹkan tuntun kankan," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tún èyí tó wà ṣe. Ilé mẹ́ta ní Ọ̀yọ́, mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Agbo ilé gidi, tó ní àgbàlá láàárín, tí àwọn onílé ṣì ń gbé inú rẹ̀. A ó tún yàrá méjì méjì ṣe fún àlejò. Àlejò á jí, á bá onílé jẹun, á fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá. Onílé á jèrè, ilé ò sì ní wó."

Alága wo ilẹ̀ náà bí ẹni pé adìyẹ ló yàgbẹ́ síbẹ̀.

"Ilé amọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tutù ju ọ́fíìsì yín yìí lọ, kò sì ń jẹ iná."

"Ọmọdébìnrin, ṣé o mọ ohun tí mo gbé sọ́kàn fún ìran yìí? Gbọ̀ngàn Àgbáyé! Alájà mẹ́sàn-án! Gíláàsì láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó! Kí àlejò dúró lókè pátápátá, kó máa wo Ọ̀yọ́ nílẹ̀ bí ìgbà tí àwòdì ń wo òròmọdìyẹ!"

"Sà, ẹni tó fẹ́ wo gíláàsì, ó ti fi í sílẹ̀ nílé kó tó máa bọ̀. Kí ló wá kù tó fẹ́ wá wò lọ́dọ̀ wa?"

Nùrẹ́nì húkọ́. Alága fi ojú rẹ̀ dá a lẹ́kun. "Ta ni yóò wá sùn nínú amọ̀ ọ̀hún ná?"

"Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ á wá sí Ọ̀yọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ á lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nùrẹ́nì náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣọ́ra kí tirẹ̀ má baà pẹ́ ju ti ọ̀gá lọ.

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́! Ìrìn wákàtí kan! Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ tó lè padà sílé wá jẹun ọ̀sán, ìyẹn náà ni arìnrìn-àjò? Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ la òkun kọjá!"

Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ rí ohun tí Ìgbìmọ̀ ṣe kí ọdún tó parí, gbogbo ohun tó sì wà nílẹ̀ fún Gbọ̀ngàn Àgbáyé ni pátákó kan lẹ́bàá títì, tí wọ́n ya àwòrán Alága sí. Gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ò hàn nínú àwòrán náà, orí Alága gba gbogbo àyè. Nítorí náà, ó fọwọ́ sí ìwé Moyinolúwa, bí ẹni ń ju egungun fájá.

Ilé Alhaja Hajarat ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Alhaja. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, igbá fínfín sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tán. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òrùlé ń jò, wọ́n sì ti sọ fún Alhaja pé bí kò bá rí ọ̀nà tún un ṣe láàárín ọdún kan, àwọn á tà á. Àlejò nìkan ni ìrètí rẹ̀.

"Yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí," ó wí fún Moyinolúwa. "Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbé mi jáde. Bí àlejò bá máa mú páànù wá, kí wọ́n máa bọ̀."

Kareem, bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀ láti ọwọ́ bàbá rẹ̀, ló ṣe àtúnṣe. Ó fọwọ́ kan gbogbo ògiri àfi ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà náà kúrú, bíi gbogbo ẹnu ọ̀nà àtijọ́. Igi ìrókò kan ni àtẹ́rígbà rẹ̀, ó sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Èyí ló di ògiri mú," ni Kareem wí. "Àti pé àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá bá ire wá á tẹrí ba kó tó wọlé. Ẹni tó bá bá ibi wá, orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé."

Àwọn àlejò àkọ́kọ́ jẹ́ màmá mẹ́sàn-án láti ìjọ Aládùúrà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá Rúùtù, tó ń ta aṣọ, ni olórí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

"Ẹ̀yin ará, ilé yìí mọ̀ wá o!" ni Màmá Rúùtù ké. "A ò tíì gbàdúrà, ó ti ní ká kúnlẹ̀!"

"Ẹ máa gbà á, ẹ̀yin ìyá," ni Alhaja dáhùn láti inú ilé. "Tiyín àti tèmi á jọ máa gòkè. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n kọ lu ara wọn lójú ọ̀nà."

Wọ́n sùn fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ra igbá débi pé dírẹ́bà ọkọ̀ wọn ráhùn. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n sọ fún ìjọ kejì, ìjọ kejì sọ fún ẹ̀kẹta. Ìwé ìròyìn kan kọ nípa ilé náà, ó dárúkọ Alhaja, ó dárúkọ Moyinolúwa, ó dárúkọ Kareem. Ewúrẹ́ Alhaja pàápàá wà nínú àwòrán. Alága ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí orúkọ ara rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde.

Ọkọ̀ márùn-ún ni. Ọ̀nà àdúgbò náà kò gba ẹyọ kan nínú wọn, nítorí náà Alága fẹsẹ̀ rìn ní ogójì ìṣísẹ̀, Nùrẹ́nì sì ń kì í ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fìlà gọ̀bì kan tí wọ́n fi páálí tẹ́ nínú kó lè dúró ṣánṣán ló dé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò bẹ̀rẹ̀, kò dúró.

Gbì!

Fìlà já bọ́ sínú abọ́ omi ewúrẹ́.

Nùrẹ́nì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ògiri yìí ṣàṣìṣe, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" ni Alhaja wí láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wọlé. Tàbí kẹ́ ẹ ṣí fìlà, ó máa gbà yín."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó tó ogójì ènìyàn tó dúró síbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Àmọ́ arúgbó ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nìkan ló sọ ọ́ jáde.

"Kí n ṣí fìlà?" ni Alága wí. "Èmi? Fún amọ̀?"

Ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àṣẹ ti jáde: gbogbo ilé àlejò gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí ẹni ńlá lè gbà wọlé láìbẹ̀rẹ̀ àti láìṣí fìlà. Ilé tó bá kọ̀, wọn yóò tì í pa. Bí oṣù kan bá kọjá, wọn yóò wó o, wọn yóò sì fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún Gbọ̀ngàn Àgbáyé.

Báwo ni ẹni ńlá ṣe ga tó? Alága fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì, tòun ti fìlà. Nùrẹ́nì gbé ọparun kan tì í, ó sì gé e ní ibi tí ṣóńṣó fìlà dé. Wọ́n sọ ọparun náà ní Ọ̀pá Ìjọba. Ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń wọ̀, ìdí rẹ̀ a yọ síta lójú fèrèsé, ọlọ́kadà a sì máa yà fún un.

Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń wá ojúrere rí i pé Alága fẹ́ràn fìlà gíga. Ẹnì kan gbé èyí tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ wá fún un. Alága dé e, wọ́n sì gé ọ̀pá tuntun. Ẹlòmíràn gbé èyí tó tún ga ju ìyẹn lọ wá. Wọ́n tún gé ọ̀pá. Ẹnu ọ̀nà tó bófin mu lọ́jọ́ Ajé lè di ẹlẹ́ṣẹ̀ kó tó di Ọjọ́rú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúwaníyì, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀pá ń bọ̀, ó gbẹ́ ihò sí ìdí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ìdí ọ̀pá sínú ihò, ọ̀pá wọ̀ ọ́ wẹ́kú, wọ́n buwọ́ lùwé. Bí ọkọ̀ wọn ṣe yíwọ́ báyìí ni ọ̀gá kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò.

"Wọ́n ní kí ọ̀pá wọ̀ ọ́," ó wí fún Moyinolúwa. "Wọn ò sọ ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ilé Alhaja kò lè rí irú ọgbọ́n yẹn dá. Orí àpáta ló wà. Òkè nìkan ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè lọ. Kareem yọ igi ìrókò náà, ó sì gbé ẹnu ọ̀nà sókè nígbà kìíní. Nígbà tí wọ́n ní kó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó wẹ ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù, ó sì lọ bá Alága ní ọ́fíìsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni. Amọ̀, ìpele ìpele la fi ń mọ ọ́n. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún kí òmíràn tó gùn ún. Òjò sì ń rọ̀ báyìí."

"Sọ fún amọ̀ náà pé èmi ni mo pàṣẹ."

"Mo ti sọ fún un, sà. Kò dáhùn."

"Sọ orúkọ mi fún un!"

"Gbogbo rẹ̀, sà? Òjò á ti dé ká tó parí."

Wọ́n lé e jáde. Ó lọ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má baà ti ilé náà pa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, télọ̀ mẹ́ta pawọ́ pọ̀ rán fìlà kan fún Alága ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ga ní ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko, fún ayẹyẹ ìṣíde ẹnu ọ̀nà tuntun ilé Alhaja. Aṣojú ìjọba ìpínlẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Alága fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tóun ti ń wọlé láìtẹ̀. Kareem kọ̀ láti fọwọ́ kan ògiri náà nígbà kẹta. Moyinolúwa kọ lẹ́tà méjì, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà Alága láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nùrẹ́nì sọ fún un pé Alága ń ronú nípa ìrẹ̀lẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Nùrẹ́nì kó lébìrà mẹ́rin wá, wọ́n sì fi àáké gé orí ẹnu ọ̀nà náà. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn.

Alhaja ò sọkún. Ó wo ihò náà, ó wo òkè. "Kareem, ṣé ilé yìí á rí ọjọ́ Ẹtì?"

"Ìyá, iwájú yẹn á lọ. Mi ò lè dá a dúró mọ́. Ṣùgbọ́n n ò ní jẹ́ kó fa òrùlé lọ́wọ́ lọ."

Òun àti Moyinolúwa fi òpó igi mẹ́fà gbé òrùlé dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n kó ẹrù Alhaja lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Láàárọ̀, Kareem ta okùn kan síwájú ilé, kí èrò má baà sún mọ́ ògiri. Nùrẹ́nì rò pé okùn ọ̀wọ̀ ni, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣojú ìjọba dé ní agogo mẹ́wàá. Ìyáàfin Olúwafèyíkẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn wà níbẹ̀. Màmá Rúùtù àti àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Alhaja gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó ti àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó ń fín igbá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ibẹ̀," ni Moyinolúwa bẹ̀ ẹ́.

Alága rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọlé. Òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ: ó wọlé láìtẹ̀, fìlà ò sì kan ohunkóhun. Ó yí padà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí èrò láti inú ihò gogoro náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àwọn bàbá yín kọ́ ilé, wọ́n gbàgbé ẹni ńlá! Òkùnkùn ni wọ́n wà! Lónìí, mo ti na ọwọ́ mi sínú ìtàn, mo sì ti gbé e sókè! Ẹ wo ẹnu ọ̀nà! Ẹ wò mí nínú rẹ̀! Bí àgbáyé bá ń bọ̀, èyí ni yóò gbà wọlé! Nùrẹ́nì, kì mí!"

Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí ìkọkànlélọ́gbọ̀n nígbà tí yẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro sí èjìká Alága.

"Sà, ẹ jáde!" ni Kareem ké.

"Má gé oríkì mi! Ó ku márùn-ún!"

Ògiri náà ò dúró de márùn-ún. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó, ó sì wó síta, kò rékọjá okùn Kareem. Eruku bo gbogbo wọn. Nígbà tó lọ sílẹ̀, òkìtì amọ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà pa, òrùlé sì wà lórí òpó mẹ́fà, kò mì.

Nùrẹ́nì ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo èrò.

Ọ̀nà kan ló kù, ẹnu ọ̀nà àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé, tí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ. Gbogbo èrò sáré yí lọ síbẹ̀. Alhaja ò dìde lórí àpótí rẹ̀. Iwájú ihò náà gan-an ló jókòó sí. Fìlà ló kọ́kọ́ yọjú. Kò gbà á. Ó padà wọlé, ó tún gbìyànjú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbà á.

"Ẹ wó ògiri yìí!" ni ohùn kan pàṣẹ láti inú ilé.

"Sà," ni Kareem dáhùn, "ògiri yìí náà wà lára ohun tó gbé òrùlé dúró lórí yín."



"Ẹ ṣí fìlà," ni Alhaja wí. "Kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ síta. Ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ mi ń ṣe é, kò tíì kú."

Orí pípá kan yọ. Ọwọ́ méjì tẹ̀lé e. Ikùn há, àwọn ìyá ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ikùn náà bọ́. Alága ṣubú gbọrọgidi, àyà nílẹ̀, ojú nílẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ Alhaja Hajarat. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Alhaja gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dá a lóhùn bí ìyá ṣe ń dá ẹni tó kí i lóhùn.

"O káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde. Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà."

"Àmín!" ni Màmá Rúùtù àti gbogbo ìjọ wí. Àwọn akọ̀ròyìn ya àwòrán náà títí ó fi dìde.

Ìbéèrè kan ni Ìyáàfin Olúwafèyíkẹ́mi bi. "Igi tó wà lórí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé níbí, Màmá," ni Kareem wí. "Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi dáná."

Alága fi ìwé ojú ewé mẹ́ta síta ní ọjọ́ kejì, pé ńṣe lòun dá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wò nítorí ààbò àwọn àlejò. Àwòrán yẹn ti dé gbogbo fóònù tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin kí ìwé náà tó jáde. Lẹ́tà ìyọniníṣẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé. Nùrẹ́nì ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ kan; ó ti to oríkì mọ́kànlá jọ fún un.

Kareem mọ ògiri náà padà ní ìpele ìpele lẹ́yìn tí òjò dáwọ́ dúró. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méje. Igi ìrókò náà ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Páànù tuntun ti wà lórí ilé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja sì ti sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù pé kó wá ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, àlejò mẹ́tàlá láti Ìrẹsà sùn níbẹ̀. Fìlà gíga náà ṣì wà ní igun kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ewúrẹ́, níbi tí Alága ṣí i sí. Adìyẹ kan ń sàba lé ẹyin méje nínú rẹ̀. Olóyè Jayéọlá kò tíì wá mú un.